Lúkáfítà Kò Béèrè Omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ipò kì í pa ènìyàn. Ohun tó ń pa á ni kí ipò dé orí rẹ̀ tán, kí ó wá máa jí lójoojúmọ́ láti wo bó ṣe bá òun mu. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Olówòkéré ni mo fẹ́ sọ. Inú ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ṣe yẹ gan-an kò kéré.

Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rán an wá sí agbègbè omi Ìlàjẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò le: kí ó máa bẹ àwọn ilé-ìwé etí òkun wò, kí ó rí i pé tísà wà, pé ṣọ́ọ̀kì wà, pé òrùlé kò jò sórí ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ní òun ò kàwé débi tí òun á fi máa wo òrùlé. Ó fi ara rẹ̀ jẹ oyè: Alákòóso Àgbà fún Ìfìdímúlẹ̀ Ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì ní Gbogbo Etíkun, Ọ̀sà àti Àyíká Rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Pátákó náà gùn débi pé iwájú ọ́fíìsì kò gbà á, wọ́n ní láti ká a mọ́ igun ilé. Bí o bá fẹ́ mọ ọ́fíìsì ẹni tí o wá, wàá ka ìdajì, wàá yà sẹ́yìn ilé, wàá wá ka ìyókù. Ewúrẹ́ ló sábà máa ń wà níbi ìyókù.

Ohun tó ká a lára jù láyé ni ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn nídìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kíá kí oorun má baà kùn yín. Òyìnbó á mú ‘look’, ìyẹn ni kí a wo nǹkan. Bó bá so ‘for’ mọ́ ọn, ó di kí a máa wá nǹkan kiri. Bó bá so ‘after’ mọ́ ọn, ó di ìtọ́jú. ‘Look into’ ni kí a wádìí ọ̀rọ̀, ‘look down on’ ni kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnìkejì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwa náà kúkú ń ṣe é: gbé wá, gbé lọ, gbé jù, gbé mì. Kò sí ọmọ wa tó tíì sunkún nítorí rẹ̀.

Lẹ́nu Olówòkéré, ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀sìn. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ nà ró lórí ìka ẹsẹ̀, á pe ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, á sì dákẹ́. Kingsley, akọ̀wé rẹ̀, ló máa fi ọ̀rọ̀ kékeré parí rẹ̀. Olówòkéré á ní, “Look!” Kingsley á ní, “After!” Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bí wọn ò bá pa á, Kingsley á dá a pa títí ojú á fi tì wọ́n. Èyí ló jẹ́ kí àwọn obìnrin èbúté máa pe bàbá náà ní Lúkáfítà. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó rò pé oyè ni. Ó béèrè bóyá àyè ṣì kù lára pátákó.

“Kingsley,” ó sọ lọ́jọ́ kan, “nígbà tí mo sọ ‘put up with’ láàárọ̀, báwo ló ṣe rí lára rẹ?”

“Ọ̀gá, òtútù mú mi. Mo ní bóyá Lọ́ńdọ̀nù la ti dé.”

“Ṣé o ò purọ́?”

“Ọ̀gá, ẹ̀rù yín kì í jẹ́ kí n lè purọ́.”

Olówòkéré gbà á gbọ́. Ẹ máa rántí Kingsley yìí o, ó ṣì ń bọ̀.

Nísinsìnyí, lórí omi tiwa, kò sí ẹni tó ń sọ ‘switch on’ tàbí ‘switch off’. Ẹ́ńjìnnì là ń ọ́ọ̀nù, iná là ń ọ́ọ̀fù, ohun gbogbo sì ń lọ déédéé. Goodluck ló ń wa ọkọ̀ tí Olówòkéré fi ń rìn, ọmọ etí òkun ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ kọ́kọ́ rìn, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jókòó dáadáa, mo fẹ́ ọ́ọ̀nù ẹ́ńjìnnì.”

Olówòkéré fò dìde, ọkọ̀ náà sì fì.

“Ìwọ Goodluck! O ti ju ẹja nù, ìrù lò ń jẹ! Níbo ni ọ̀rọ̀-ìṣe wà? Ta ló gbé e?”

Goodluck wo abẹ́ àga. “Ọ̀gá, èmi ò rí i o.”

Láti ọjọ́ náà ni Olówòkéré ti ṣòfin. Òfin àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí òun bá bá wá, àfi bó bá kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀ pé pérépéré. Èkejì: níbi ìpàdé tí òun bá pè, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ sọ ọ́, ẹni tó bá sì ṣì í á dìde dúró títí ìpàdé á fi parí. Ó ṣe ìpàdé kan tí ó jẹ́ pé òun àti Kingsley nìkan ló jókòó níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé àwọn ará omi fẹ́ràn òun débi pé ìdúró ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ òun.

Ti Happiness tiẹ̀ dùn. Happiness ń kiri búrẹ́dì lórí afárá pákó àwọn ìlú etí òkun. Ó yọ̀ lọ́jọ́ kan, ó já sómi gbìì, búrẹ́dì léfòó lórí rẹ̀. Olówòkéré dúró lórí afárá lókè, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

“Arábìnrin, kí ló ṣe ọ́? ‘Fall in’ ni, ‘fall off’ ni, tàbí ‘fall over’? Ronú kí o tó dáhùn.”

Happiness ti lúwẹ̀ẹ́ dé ìdí òpó, ó ti ń gun àkàbà bọ̀. “Ọ̀gá, èyí tó bá wù yín nínú wọn, ẹ mú un. Èmi ti jáde.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kúrò ní ẹ̀rín ni Ayédára. Ìlú kékeré kan ni, ó dojú kọ òkun, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Abẹ́rẹ́kẹ́. Orí òpó igi ni ilé wọn dúró lé, afárá pákó ni títì wọn. Ilé-ìwé wọn náà wà lórí òpó. Yàrá mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, òkun ti gba ọ̀kan, òrùlé mẹ́ta tó kù sì ń jò. Tísà Moríkẹ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ọmọ ibẹ̀ ni, wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sílùú ńlá rí, ó ní tí òun bá lọ, ta ló ń bọ̀?

Olówòkéré dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àbẹ̀wò, kò wọ yàrá kankan. Ó ní kí wọ́n to àwọn ọmọ síta. Ó nà ró lórí ìka ẹsẹ̀, ó nawọ́ sí Tẹ́ní, ọmọ Beauty tó ń yan ẹja.

“Ìwọ! ‘Look after’! Kí là ń ‘look after’?”

“Omi, sà,” Tẹ́ní dáhùn.

“Omi kẹ̀? Ọmọ là ń ‘look after’! Aláìsàn là ń ‘look after’! Ti omi, ‘look at’ ni!”

Tẹ́ní wo ilẹ̀. “Ìyá mi ní tí èèyàn ò bá ‘look after’ omi, omi á fi èèyàn sílẹ̀ lọ.”

Kingsley rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Olówòkéré kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ohun tí òun wá rí. Ó ní ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘after’ àti ‘at’ kò yẹ ní ilé-ìwé, òun á tì í, kí àwọn ọmọ máa lọ sí èyí tó wà lódìkejì ẹnu òkun.

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibẹ̀, ẹnu òkun ni ibi tí odò wa ti ń bọ́ sínú òkun, ìgbì ibẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré. Ibẹ̀ ni àbúrò Beauty ọkùnrin wọ̀ lọ́jọ́ kan tí kò padà wá mọ́. Pé kí Tẹ́ní máa jókòó sínú ọkọ̀ alájẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ wà gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, Beauty kò lè gbà á láéláé. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé Ayédára, Tẹ́ní á jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí èéfín ẹja, ìwé tán nìyẹn. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe Lúkáfítà fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ náà nìyẹn, inú mi kì í sì dùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Ó ku ìfọwọ́sí kan. Ọ̀gá Olówòkéré ní Àkúrẹ́, Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá, ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá fi ìwé ránṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ti Lúkáfítà kọ́. Ó ní kí ìyáàfin náà wá sí Ayédára fúnra rẹ̀, kí òun sọ̀rọ̀ fún un níwájú gbogbo ìlú, kí ó wá fọwọ́ sí i nígbà tí omi á ti máa bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi bí? Ọkùnrin yìí fẹ́ ti ilé-ìwé àwọn èèyàn, ó sì fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i.

Kí n tó sọ ti ọjọ́ náà, mo ní láti sọ àṣà kan fún yín. Ní Ayédára, omi ló ń ṣe aago. Nígbà tó bá kún, ọkọ̀ ńlá lè dé ìdí afárá. Nígbà tó bá fà, ẹrọ̀fọ̀ nìkan ló máa kù níbẹ̀, dúdú, jíjìn, ọkọ̀ ńlá á sì jókòó lé e bí adìyẹ tó sàba. Àlejò ló ń béèrè omi. Bó o bá ti jókòó díẹ̀, wàá ní, “Omi ńkọ́?” Onílé á ní, “Ó ṣì wà,” tàbí, “Ó ti ń múra.” Onílé kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Onílé tó bá wo ojú àlejò, tó ní omi ń fà, ó ti lé e nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ kankan kò sì lè tún un ṣe. Ìyá ọkọ kan sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó nígbà kan, ó ní ọ̀rọ̀ ló yọ lẹ́nu òun. Ìyàwó yẹn ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí, àwọn ìyá méjèèjì kò tíì kí ara wọn.

Wọ́n máa ń ran àlejò létí lọ́nà tí kò lábùkù o. Wọ́n á yí bàtà rẹ̀ kojú sí omi. Wọ́n á di ẹja gbígbẹ fún un. Baálẹ̀ á gbàdúrà ọ̀nà. Ẹni tó bá lójú inú á dìde.

Tísà Moríkẹ́ gbìyànjú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò gbìyànjú. Ó wọkọ̀ lọ bá Olówòkéré ní ọ́fíìsì, ó yí igun ilé kọjá, ó lé ewúrẹ́, ó wọlé. Ó ní òun fẹ́ sọ àṣà ìlú fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé.

“Ní Gẹ̀ẹ́sì,” ni Olówòkéré wí. “Pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀.”

Moríkẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí Olówòkéré fi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ‘set’ tí ó sọ yẹn, ‘set off’ ni, ‘set out’ ni, tàbí ‘set in’? Moríkẹ́ mú ọ̀kan. Olówòkéré ní òun ò fẹ́ràn bó ṣe mú un. Wọ́n wà lórí ‘set’ yìí títí Kingsley fi gbé oúnjẹ ọ̀gá rẹ̀ wọlé. Moríkẹ́ dìde. Ó ní ẹ ṣeun, sà, ó sì lọ sílé.

Ọjọ́ pé. Omi kún dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí Goodluck fi gbé wọn wá sì sún mọ́ afárá débi pé Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá kàn sọ̀ kalẹ̀ ni, omi ò kan bàtà rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyáàfin náà, òkè ni wọ́n bí i sí, òkè ló ti ṣiṣẹ́, kò mọ omi rárá. Baálẹ̀ Ọlọ́rundáre gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó lórí gbàgede pákó. Wọ́n fún wọn ní púpurú tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Olówòkéré kò jẹun. Ó ní oúnjẹ máa ń dí ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́nà.

Ó nà ró.

“Ẹ̀yin ọmọ etíkun! Ọlọ́run dá omi. Ó dá ẹja. Ó wò yíká, ó rí i pé ohun kan ṣì kù. Kí ló kù? Ọ̀rọ̀ kékeré tí ń tọ́ ọ̀rọ̀ ńlá sọ́nà! Put!”

“Up!” ni Kingsley wí.

“Put!”

“Off!”

“Put!”

“Down!”

Bí wọ́n ṣe gbé ‘put’ náà sókè nìyẹn, tí wọ́n gbé e sílẹ̀, tí wọ́n tì í sẹ́yìn, tí wọ́n tún gbé e wọ̀. Wọ́n kúrò lórí ‘put’, wọ́n bọ́ sórí ‘take’. Àwọn àgbà ń gbọ́, wọ́n ń mi orí. Bí òpó afárá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọrùn nínú omi tó ń fà, Baálẹ̀ rí i. Ó ṣẹ́jú sí àwọn obìnrin. Obìnrin kan dìde, ó gbé bàtà Olówòkéré, ó yí i kojú sí omi.

Olówòkéré rí i. Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. “Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń bọlá fún bàtà mi,” ó sọ fún Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá, ó sì bọ́ sórí ‘bring’.

Beauty gbé ẹja gbígbẹ wá, ó dì í sínú ewé dáadáa, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ojú Beauty kò kúrò lára ìwé tó wà lórí tábìlì, èyí tí ìyáàfin náà máa fọwọ́ sí. Olówòkéré gba ẹja náà. Ó ní ẹ̀bùn yìí fi hàn pé ‘bring up’ ti wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara, nítorí náà òun á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Baálẹ̀ dìde, ó gbàdúrà ọ̀nà. Ó ní ọ̀nà á là wọ́n, omi á gbé wọn lọ, wọ́n á bá ilé láyọ̀. Olówòkéré ṣe àmín tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí àdúrà ti wà, òun lè wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wàyí.

Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá ti ń tòògbé.

Goodluck, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìlú náà, tí kò sì lè sọ ọ́, ló ṣe ọkàn akin. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ó rò pé ariwo yẹn á ṣe ohun tí ẹnu ò lè ṣe.

“Ta nìyẹn?” Olówòkéré ké. “Ta ló ń ọ́ọ̀nù láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe?”

“Ọ̀gá, èmi ni. Mo ní kí n kàn...”

“Kí o kàn kí ni?”

Goodluck wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ojú ọ̀run. “Kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná díẹ̀.”

“Pa á! Gun òkè wá, kí o dúró níwájú mi níbí. Ó ku ‘give’, ó ku ‘come’, ó ku ‘go’, wàá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.”

Goodluck pa ẹ́ńjìnnì, ó gòkè, ó dúró. Àwọn èèyàn fọwọ́ lẹ́rán. Omi ń lọ jẹ́jẹ́ láìwẹ̀yìn, ọkọ̀ náà ń relẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òpó afárá ń ga sí i. Lúkáfítà ń sọ̀rọ̀. Bó bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi wà, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó parí, ó gbé ìwé náà fún ìyáàfin. Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá ta jí. Ó wo aago, ó fò dìde. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, inú ọkọ̀ ni màá ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ń retí mi ní Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí.”

Wọ́n dé orí afárá, wọ́n dúró. Ọkọ̀ ńlá náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹrọ̀fọ̀ ló yí i ká, títí dé ibi tí ojú lè rí omi dé.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí omi?” Olówòkéré béèrè.

“Háà,” Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ara tù ú. “Ẹ ti béèrè. Ó ti lọ, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń lọ.”

“Ìgbà wo ló ń padà?”

“Ó di ìrọ̀lẹ́ pátápátá.”

Olówòkéré ní irọ́ ni. Ó ní kí àwọn géńdé lọ gbé ọkọ̀ náà síbi tí omi wà. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ní òun fúnra òun á ṣe é, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹrọ̀fọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé dé orúnkún. Ó gbé tòsì sí i láti fi yọ ọ̀tún. Tòsì náà wọlé. Ó wá rọra fìdí jókòó sínú rẹ̀ tòun ti kóòtù.

Happiness ló wà lókè lórí afárá, igbá búrẹ́dì wà lórí rẹ̀. Kò bú u, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè bí ọmọ ilé-ìwé rere.

“Ọ̀gá, ‘fall in’ ni, ‘fall off’ ni, tàbí ‘fall over’?”

Ẹ̀rín tí ó sọ níbẹ̀, ti Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá ló kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ojú ìyáàfin yí padà. Ó béèrè ohun tó dé tí odidi ìlú fi jókòó wo omi tó ń lọ láìsọ. Baálẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ò tó o, ẹni tó bá sì ṣì í, ìdúró ló ń bá. Ó ní Yorùbá ni òun fẹ́ gbọ́, kò sì sí ẹni tó máa dìde dúró. Moríkẹ́ wá sọ fún un: ti àṣà àlejò, ti òfin méjèèjì, ti ‘set’ tí òun bá pàdé ní ọ́fíìsì. Kingsley kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, okùn ló ń wá tí wọ́n á fi fa ọ̀gá rẹ̀ jáde.

Beauty kò jẹ́ kó parí dáadáa. Ó bọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún èéfín.

“Mà, ẹ forí jì mí. Ọkọ̀ yín tóbi, ẹ́ńjìnnì yín lágbára, omi sì fi yín sílẹ̀ níbí. Ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ mi máa wọ̀ gba ẹnu òkun. Àbúrò mi wọ ibẹ̀, a ò rí òkú rẹ̀ sin. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé yẹn, mi ò ní ọwọ́ tí mo fi lè dì yín mú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Tẹ́ní ni ẹ ń tìlẹ̀kùn mọ́.”

Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá gbé ìwé náà fún Kingsley pé kó bá òun mú un dání. Ó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí omi ti fún òun láyè, kí wọ́n mú òun lọ wo ilé-ìwé ọ̀hún. Ó wọ yàrá kìíní. Ó jókòó lórí àga ọmọdé, ó gbójú sókè, ó rí ojú ọ̀run láti inú ilé. Wọ́n ti fa Olówòkéré jáde nígbà náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrọ̀fọ̀ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

“Olówòkéré, ṣé o ti wọ yàrá yìí rí?”

Ó nà ró lórí ìka ẹsẹ̀. “Mà, I look...”

Ó dúró de Kingsley. Ó ṣẹ́jú sí i. Ó tún un pè, “I look...” Kingsley ń wo àjà. Jẹ́jẹ́, láìsáré, Kingsley rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn Ìyáàfin Ọmọ́ṣọlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé náà fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni Lúkáfítà ti ṣubú. Ti ẹrọ̀fọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ló yọ̀.

Ìyáàfin náà gba ìwé lọ́wọ́ Kingsley, ó fún Beauty. Ìwé yẹn ni Beauty fi dáná ẹja tí wọ́n jẹ kí omi tó dé. Ìyáàfin náà ní ilé-ìwé ò ní kúrò. Ó ní kí Olówòkéré dúró sí Ayédára títí òrùlé á fi dára, tí yàrá kẹrin á fi padà sórí òpó, abẹ́ Tísà Moríkẹ́ ni á sì wà, kíláàsì kìíní ni á máa kọ́. Nígbà tí omi kún nírọ̀lẹ́, Goodluck wọ ọkọ̀, ó wo ojú Olówòkéré lórí afárá, ó ní, “Mo fẹ́ ọ́ọ̀nù ẹ́ńjìnnì o.” Olówòkéré ní kó máa ọ́ọ̀nù ún.

Ó bínú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí òjò ti jò sí òun náà lórí tó, ó gun òkè lọ kan páànù. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń pè é ní Tísà Lúkáfítà, ó ń dáhùn. Ó kọ́ láti máa wo òpó afárá kó tó fẹsẹ̀ kan ibikíbi. Yàrá kẹrin ti padà báyìí, Tẹ́ní sì ti bọ́ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà ni ọ̀gá tuntun wá. Kóòtù rẹ̀ tuntun, a sì gbọ́ pé pátákó rẹ̀ ti ká ọ́fíìsì náà tán, ó ti pàdé ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kingsley ni. Ó mú akọ̀wé kan dání tó ń pàtẹ́wọ́. Ó bọ́ bàtà, ó nà ró lórí ìka ẹsẹ̀.

“Put!” ó ké.

“Up!” ni akọ̀wé náà wí.

Olówòkéré jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn ará ìlú, ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Kò pẹ́ tí òpó afárá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọrùn. Beauty fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Tísà, ẹ ti rí omi?”

“Mo rí i.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé ẹ ò ní sọ fún un?”

“Àlejò ni,” Olówòkéré wí. “Ṣé kí n lé àlejò ni?”

Ó dìde jẹ́jẹ́, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Kingsley ti ń sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà tuntun náà, ó yí i kojú sí omi. Kingsley rí i. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin yẹn, ó ní ẹni tó mọ bí a ṣe ń bọlá fún ọ̀gá nìyẹn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kingsley dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì bọ́ sórí ‘take’.